"A ń gba ajá": ibi méjì tí a sùn sí létí òkun Ìlàjẹ pẹ̀lú Tanímọ̀la

Òtẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni mo pè láti Àkúrẹ́ kí a tó gbéra, ìbéèrè kan náà ni mo sì bi gbogbo wọn: "Ṣé ẹ ń gba ajá?" Mẹ́rin ní rárá. Méjì ní àwọn ń gbà á. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ni a kọ́kọ́ sùn sí, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ìbéèrè mi kò tó. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ní ajá nílé tó sì ń ronú àtigbé e lọ wo òkun, pàápàá àwa ará Àkúrẹ́ àti Òǹdó. Ìpínlẹ̀ wa ní òkun tirẹ̀, síbẹ̀ Èkó ni ọ̀pọ̀ wa ń sá lọ tí ìgbì bá ń wù wá í rí.

Tanímọ̀la kì í ṣe ajá òyìnbó. Ajá ilẹ̀ wa ni, ó pupa rúsúrúsú, àpá kékeré kan sì wà ní etí rẹ̀ ọ̀tún. Ó di ọdún kẹrin tí bàbá àwọn ọmọ ti gbé e wálé láti oko, nígbà tí kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ ló ń sùn. Ní Kérésì èṣí, a fi í sọ́dọ̀ aládùúgbò fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fẹnu kan oúnjẹ. Nígbà tí a dé, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ pé ibi tí Tanímọ̀la kò bá lè dé, àwa náà ò ní í lọ sinmi níbẹ̀.

Ọ̀nà náà kò lọ́jú pọ̀. Àkúrẹ́ sí Òǹdó, Òǹdó sí Òrè, kí a kọjá ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Benin, ká wá forí lé Òkìtìpupa títí dé Igbókọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ní Òǹdó, a dúró ra búrẹ́dì. N kò tíì san owó tán tí ọkùnrin kan fi yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wa, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Èló lẹ fẹ́ ta ajá yìí?" Kò fi àrífín kankan sọ ọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹran ọbẹ̀ ni ajá jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, ajá sì ni Ògún ń jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ rẹ̀ tàbí òrìṣà rẹ̀. Mo sọ fún un pé ara ilé wa ni, ó ní kò burú, ó sì ṣàdúrà fún wa pé a ó dé láyọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kékeré di ajá náà mọ́ra títí a fi dé Òrè. Ẹ má ṣe gbé ajá rin ọ̀nà yìí láìsí okùn lọ́rùn rẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀ yín, ajá tí kò ní okùn kò ní olówó. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sára awọ tó wà lọ́rùn Tanímọ̀la, kò sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àfi tí ẹnìkan nínú wa bá di okùn rẹ̀ mú.

Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ wà nínú Igbókọ̀dá. ₦15,000 ni wọ́n gbà fún alẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀dì wọn mọ́, omi ń yọ, jẹnẹrétọ̀ sì ṣiṣẹ́ láti aago méje sí aago mọ́kànlá alẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ bí a ṣe ń gbé ẹrù wọlé tí Tanímọ̀la ń tẹ̀ lé wa, ọmọbìnrin tó ń fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ dìde dúró.

"Mà, ẹ má bínú, ajá kì í wọ yàrá o."

Mo ní, "Ṣebí ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ń gba ajá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, a ń gbà á. Ṣéènì wà ní géètì, ọ̀dọ̀ máígádì."

Òótọ́ ló sọ. Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wa, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ni wọ́n mọ ajá sí. Ajá tó ń bá ọmọ sùn kò sí nínú ohun tí wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ní àwọn ń gbà á. Ṣéènì náà kò gùn ju apá mi méjì lọ, ibi tí wọ́n so ó mọ́ sì kọjú sí èéfín jẹnẹrétọ̀. Màálámù tó ń ṣọ́ géètì ṣaájò rẹ̀ gan-an. Ó bu omi fún un, ó tẹ́ àpò sílẹ̀ fún un. Tanímọ̀la kò mọ ohun tí ṣéènì jẹ́. Ó hu, ó hu, títí àlejò kan fi jáde wá bínú. Ní aago mẹ́wàá, mo fi bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú yàrá, mo gbé ajá mi wọ ọkọ̀, a sì sùn níbẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì tí a ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀fọn jẹ wá. Nígbà tó di àárọ̀, mo ní kí mánéjà yọ nǹkan kúrò nínú owó wa, ó ní owó tó ti wọlé kì í jáde. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ìràwọ̀ kan ni mo fún wọn nínú márùn-ún, máígádì ló sì gba ìràwọ̀ náà fún wọn.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń pe ibikíbi, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ajá. Ẹ bi wọ́n níbi tí ajá yóò sùn. Ẹ bi wọ́n bóyá ọgbà yí ilé ká, bóyá ajá mìíràn wà níbẹ̀, akọ tàbí abo, bóyá ó ń bú àlejò jẹ. Kí ẹ sì bi wọ́n bóyá onílé fúnra rẹ̀ ń sin ajá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó ń sin ajá ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi í kí ẹ tó la ẹnu.

Ilẹ̀ ibẹ̀ náà ṣe pàtàkì, n kò sì rí ẹni tó sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ kò rí bákan náà látòkè dé ìsàlẹ̀. Láti ọwọ́ Èkó wá, iyanrìn ni, ó sì ń bá a lọ báyìí títí dé agbègbè Àràròmí. Tí èèyàn bá kọjá ibẹ̀ sí ìhà ìlà oòrùn, ẹrẹ̀ ló kù, ẹrẹ̀ dúdú tó ń fà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ a máa fi orúkọ Máhìn pe apá ẹlẹ́rẹ̀ yìí. Orí ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Bàbá mi sọ ìtàn rẹ̀ fún wa púpọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé, mo sì ti fẹ́ débẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n òkun ti ń jẹ ìlú náà láti ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti gbé ilé lọ, ó ti lé ìdílé kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Mi ò lè gbé àpò ìgbafẹ́ kọ́ apá lọ sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń wo bí omi ṣe ń mú ilé wọn. Tí ti ajá bá sì ni, ibi tí ilé dúró lórí òpó, tí pátákó sì jẹ́ ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ajá lè há sáàárín pátákó méjì. Apá oníyanrìn ni a yàn, abúlé kékeré kan ní ọwọ́ Àràròmí.

Ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ fún mi ní Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́ ló bá wa wá ilé náà. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Ọdún mélòó ni mo ti ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ tí n kò rántí bi í! Ó ní àǹtí òun ní yàrá méjì tó ń fi gba àlejò, ó sì pè é lójú mi.

A fi ọkọ̀ wa sílẹ̀ ní Igbókọ̀dá, a wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté. Ọlọ́kọ̀ gba ₦1,500 lórí ajá, mo san án tayọ̀tayọ̀ torí pé kò ní ká so ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ má ṣe so ajá mọ́ ara ọkọ̀ ojú omi láéláé. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, okùn yẹn ni yóò pa á. Inú ọkọ̀ nísàlẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, láàárín ẹsẹ̀ mi, lórí àpò tí mo rẹ sínú omi kí ara rẹ̀ lè tutù. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde.

Màmá onílé dúró dè wá lórí iyanrìn. Kí ó tó bi mí ní orúkọ mi, ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?" Mo fa káàdì rẹ̀ yọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀ fún un. Ó ní ajá kan ti bu ọmọ jẹ rí ní abúlé àwọn, òun ò sì ní í gbàgbé. Ó tọ̀nà. Tí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Abẹ́rẹ́ ajá lọ́dọọdún ló ń dènà rẹ̀, ọmọ ajá sì lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ìbéèrè yẹn ni mo fi mọ̀ pé a ti dé ibi tó yẹ. Nínú òtẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí mo pè, kò sí èyí tó bi mí.

Màmá ní abo ajá kan, arúgbó, tó funfun ní imú. Kò jẹ́ kí Tanímọ̀la wọ ọgbà lójú ẹsẹ̀. Ó mú ajá tirẹ̀ jáde, ó ní kí n mú tèmi, a sì jọ ń rìn lọ létí omi, àwọn ajá méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ òde, àwa méjèèjì láàárín. A rìn lọ, a rìn bọ̀. Nígbà tí a fi padà, wọ́n ti gbóòórùn ara wọn tán, wọ́n sì jọ wọlé bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ó ní bí a bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà ilé òun, ìjà ni ì bá dé, torí ajá kì í fi ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò.

Pákó àti màrìwò ni ọgbà náà, ó ga dé èjìká mi. Inú yàrá wa ni Tanímọ̀la sùn. Ìró òkun dẹ́rù bà á ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ní alẹ́ kejì, orun ló sùn.

Ọjọ́ kejì ni mo ṣàṣìṣe. Mo tú u sílẹ̀ kí ó lè sáré, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Akàn kan ló lé, ó sì gba orí ẹní edé tí ìyá kan sá sóòrùn kọjá, ó tú u ká sínú iyanrìn. Edé tó ti dà mọ́ iyanrìn kò ṣeé tà mọ́. Màmá bá mi lọ bẹ ìyá náà, mo kúnlẹ̀, mo san ₦4,000, ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni, mi ò lè san àárẹ̀ rẹ̀. Abúlé àwọn apẹja kì í ṣe pápá ìṣeré. Láti ìgbà yẹn, okùn gígùn ló wà lọ́rùn rẹ̀, a sì ń jáde ní kùtùkùtù tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ló dára fún ẹsẹ̀ rẹ̀: lọ́sàn-án, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iyanrìn, tí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ títí ẹ ó fi ka eéje, ajá kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Omi dídùn ni ìṣòro tó kù. Kànga ibẹ̀ ní iyọ̀ díẹ̀, òkun sì ni Tanímọ̀la kọ́kọ́ mu. Ó bì ní alẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fún un ní omi inú ọ̀rá títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu ti ajá yín lọ́tọ̀, kí ẹ fún un mu kí ó tó dé etí òkun, kí ẹ sì fi omi dídùn ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ tí ẹ bá dé. Ẹja òkú tí ìgbì tì sétí, ẹ má jẹ́ kó fẹnu kàn án, májèlé wà nínú àwọn kan.

₦8,000 ni alẹ́ kan lọ́dọ̀ Màmá, kò gba kọ́bọ̀ lórí ajá. Púpúrú àti ọbẹ̀ ẹja tútù ló ń sè fún wa, Tanímọ̀la sì ń jẹ tirẹ̀ láìsí ata, láìsí egungun. Àbùkù ilé náà wà: ìta ni ilé ìgbẹ́ wà, iná kò sí àfi àtùpà, fóònù mi kì í gba ìpè àfi tí mo bá dúró nídìí àgbọn kan lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀fọn sì pọ̀ débi pé mo kábàámọ̀ pé àwọ̀n ẹ̀fọn kan ṣoṣo la mú wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, kó má wulẹ̀ lọ. Ìgbì ibẹ̀ náà le. Àwọn ọmọ mi kò wọ omi kọjá orúnkún. Ìràwọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀ ni tèmi, ilé ìgbẹ́ ló jẹ ààbọ̀ tó kù.

Ní àárọ̀ tí a ń padà, ajá arúgbó yẹn sìn wá dé ibi ọkọ̀, ó jókòó sórí iyanrìn títí a fi ṣí. Mo ti pe Màmá láti Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù Ṣẹẹrẹ la ń padà bọ̀, nígbà tí òjò ti lọ tí òkun kò ru tó bẹ́ẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí inú ọgbà, ni mo ní kó fi pamọ́ fún wa, mo sì ti ra àwọ̀n ẹ̀fọn mẹ́ta.