Kíìtì ẹrẹ̀ tó ń tan iná: ẹ má tíì ta jẹnẹrétọ̀ yín o

Àbúrò mi tó wà ní Houston ló rà á fún mi, ó ní òun mọ̀ pé bọ̀dá òun ò lè rí nǹkan kó má tú u. Kò sí nǹkan bàbàrà nínú páálí ẹ̀: ike kan bíi ti bọ́tà, aṣọ dúdú méjì tí wọ́n fi kábọ̀nù ṣe, wáyà, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń kó iná jọ, àti gílóòbù tíntín bí hóró ìrẹsì. Ẹ máa ri aṣọ kan mọ́ inú ẹrẹ̀, ẹ ó tẹ́ ìkejì sókè níbi tó ti lè rí atẹ́gùn, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe ń jẹ ìdọ̀tí ni iná ń jáde lára wọn, aṣọ ìsàlẹ̀ á gbà á, wáyà á gbé e gòkè.

Ẹrẹ̀ gọ́tà ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa ni mo bù, ìyàwó mi ní ṣé kò sí o. Ìgbà àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́, ẹ̀bi mi ni sha, mo da omi bo aṣọ òkè. Mo tún un ṣe, ọjọ́ kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo fi mítà tó ń wọn iná wọ̀n ọ́n: 0.4 fóòtì! Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta bátìrì rédíò.

Ẹni tó bá rà á nítorí iná, inú á bí i. Àmọ́ mo ti kà nípa àwọn ará Íńdíà kan tó ṣe irú ẹ̀ jáde ní 2012, wọ́n gbin ìdò sórí ẹ̀, ìdò yìí náà tó máa ń yọ òdòdó pupa létí omi, wọ́n wá da omi tí wọ́n po aró búlúù mọ́ sí i. Láàárín wákàtí 96, bíi ìdá 93 nínú 100 aró yẹn ti pòórá. Iná tí wọ́n rí ńkọ́? Bíi mílíwáàtì 16 (ẹgbẹ̀rún mílíwáàtì ló ń jẹ́ wáàtì kan) lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tó túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ tó tan gílóòbù wáàtì 7 péré, ẹ máa lò ju ìdajì plọ́ọ̀tì lọ. Àwọn tó ń fọ omi ìdọ̀tí ìlú ní Carrión de los Céspedes ní Sípéènì tiẹ̀ fi iná yẹn sílẹ̀, òkúta tó ń gbé iná kiri ni wọ́n kó sínú àbàtà tí wọ́n fi ń fọ omi náà kí àwọn kòkòrò lè tètè jẹun. Èmi tí mò ń gbé Abẹ́òkúta, tí mò ń rí bí aró àwọn aláàdìrẹ ṣe máa ń mú kí gọ́tà Ìtòkú ṣàn ní búlúù, omi tó mọ́ ni ọjà lójú tèmi, iná yẹn, èènì ni.

Mo fún un ní 3 nínú 5. Wọn ò fi mítà síbẹ̀ o, ẹ wá tiyín, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń bu ẹrẹ̀. Tèmi ti wà ní bàkónì báyìí, kò rùn púpọ̀, ibi tí mo ti bù ú ló ń bí ìyàwó mi nínú.