Martin D-18 ọdún 1965 àti Yamaha FG800: mo lo méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Bàbá tó kọ́ mi ní gìtá ló gbé Martin D-18 wọn, gìtá àtijọ́ kan, fún mi pé kí n bá wọn tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò ní sí nílé. Wọ́n ní, "Má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò o, má sì gbé e sídìí AC." Mo ní mo gbọ́, sà. Bí mo ṣe délé, mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo ti ṣí àpótí ẹ̀, òórùn tó jáde dà bí ìgbà téèyàn ṣí àpótí aṣọ ìyá àgbà, igi gbígbẹ pẹ̀lú nǹkan kan tó dùn díẹ̀ nímú.

Gìtá Yamaha FG800 lèmi ń lò, ó ti pé ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá, mo wá fi okùn tuntun kan náà sí méjèèjì, light, 12 sí 53, bí okùn ṣe nípọn tó nìyẹn, torí tí okùn ọ̀kan bá ti kú tí ti èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, ara yín lẹ ń tàn jẹ, okùn lẹ̀ ń fi wéra, kì í ṣe gìtá.

D-18 yìí, Nazareth ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é. Mo ki fóònù sẹ́nu ihò ẹ̀, mo ya fọ́tò inú lọ́hùn-ún, nọ́ńbà ẹ̀ wà lára igi tó di ọrùn mú, nọ́ńbà yẹn lẹ fi máa mọ ọdún tí wọ́n ṣe Martin. Ojú ẹ̀ spruce, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ mahogany, igi gidi ni gbogbo ẹ̀. FG800 ní tiẹ̀, 2016 ló jáde, ojú tiẹ̀ náà spruce gidi ni, àmọ́ pláíwúùdù ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, nato tàbí okume. Owó tí wọ́n ń béèrè fún D-18 ìgbà yẹn kan ṣoṣo á ra FG800 tó ju mẹ́wàá lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ohùn wá ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fi ìka rọra ta okùn G lára D-18, kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ohùn yẹn á kọ́kọ́ fẹ̀ ná kó tó máa lọ, á máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa gbọ́ èémí ara yín. Mo ṣe é lóru ọjọ́ kan tí gbogbo ilé ti sùn, mo fi àyà ti ẹ̀yìn ẹ̀, inú egungun àyà mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò purọ́ fún yín, mo ta okùn kan yẹn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò kọ orin kankan. Mo wá gbé Yamaha, mo ta G tiẹ̀. Ohùn ẹ̀ mọ́, ó ń dán, ó yára jáde, ó sì yára lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ máa ní láti fagbára ta á díẹ̀, tó jẹ́ pé D-18 ò dúró de agbára rárá.

Igi tó ti tó ọgọ́ta ọdún ti gbẹ kanlẹ̀. Nǹkan kan wà nínú igi tí wọ́n ń pè ní hemicellulose, ó máa ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, igi á fúyẹ́ sí i, kò ní máa gbé ohùn mì bíi tàtẹ̀yìnwá. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ kan fi ń yan igi tuntun nínú ààrò báyìí kó lè ṣe bí arúgbó.

Àmọ́ ẹ mú píìkì, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta okùn, kẹ́ ẹ wá lu kọ́ọ̀dù, ìyẹn okùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gidigidi. Ọ̀rọ̀ yí padà! Mo ní kí àbúrò mi kọjú sógiri, mo lu kọ́ọ̀dù kan náà lórí méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo bi í èwo ni, mẹ́fà ló gbà, ẹni tó ń méfò náà á rí mẹ́fà gbà. Nígbà tí mo wá fi ìka rọra ta á, ó gba mẹ́sàn-án. Níbi ìlù líle gan-an, mo gbà pé báàsì FG800 tiẹ̀ kún ju ti D-18 lọ. Àwọn ọ̀pá igi tó wà lábẹ́ ojú gìtá ló fà á lójú tèmi: Martin dẹ́kun àtigbẹ́ ọ̀pá wọ̀nyẹn nínú lọ́dún 1944 torí àwọn èèyàn ń fi okùn tó nípọn sí gìtá, ojú ẹ̀ ní láti le. Ọ̀pá ti 1965 yìí nípọn, ti FG800 wọ́n gbẹ́ ẹ nínú, ojú ẹ̀ wá ń mì dáadáa.

Ẹ má wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pláíwúùdù kó yín láyà sókè. Lọ́dún 2018 àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé gìtá 6 fún onígìtá 52, igi ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló yàtọ̀ lára wọn, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n fojú mọ èwo lèwo, wọn ò fẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ kankan sọ. Igi gidi ni wọ́n lò o, kì í ṣe pláíwúùdù, ṣùgbọ́n ojú gìtá ni iṣẹ́ pọ̀ sí lọ́wọ́. Pláíwúùdù sì ní àǹfààní tiẹ̀, kì í tètè sán tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ.

Ibi tí D-18 ti fìyà jẹ mí ni ọrùn. Okùn mẹ́fà yẹn ń fa gìtá pẹ̀lú agbára tó ju kílò 70 lọ, tọ̀sán tòru, fún ọgọ́ta ọdún, igi wo ni ò ní tẹ̀? Okùn ti ga sókè kúrò lára ọrùn, láti frẹ́ẹ̀tì keje (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn ni frẹ́ẹ̀tì) lọ sókè ìka mi ń dùn mí. Irin inú ọrùn ẹ̀ kì í ṣe èyí téèyàn lè yí kí ọrùn lè tọ́, 1985 ni Martin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀ sínú ọrùn, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, oníṣẹ́ gìtá gidi ló máa fi ooru omi gbígbóná yọ ọrùn, á fá a, á tún un lẹ̀. Owó ńlá ni. FG800, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan lẹ máa fi yí irin tiẹ̀, tí okùn bá sì ga, ẹ yọ saddle, ìyẹn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gùn lé lójú gìtá, ẹ fi yanrìn-ìwé ha ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ha mílímítà kan kúrò, ìdajì mílímítà ni okùn máa fi wálẹ̀ ní frẹ́ẹ̀tì kejìlá, ẹ máa ha á díẹ̀díẹ̀ o, èyí tẹ́ ẹ bá ti ha kúrò ò ṣeé dá padà.

Torí náà, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń kọ́ gìtá, tàbí ẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ akọrin lu, FG800 ni kẹ́ ẹ rà, mi ò ní kábàámọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ orin jẹ́jẹ́ lẹ̀ ń fi ìka ta, tẹ́ ẹ̀ ń gbà á sílẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, tẹ́ ẹ sì ní owó ìtọ́jú, D-18 àtijọ́ ní nǹkan tí mi ò tíì gbọ́ lára tuntun. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé rúlà gígùn lé orí frẹ́ẹ̀tì kó nà dé brídì, igi tí saddle wà nínú ẹ̀ lójú gìtá, tó bá gun orí igi brídì, ọrùn ṣì dára, tó bá lọ forí sọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nísàlẹ̀, owó àtúnṣe ń bọ̀. Tó bá sì jẹ́ D-28, oríṣi Martin mìíràn, tó ṣáájú 1969 ni, igi rosewood ti Brazil ló wà lẹ́yìn ẹ̀, láti 1992 ni òfin àgbáyé ti dè é, ẹ ò lè gbé e kọjá bọ́dà láìní ìwé.

Bàbá dé, mo gbé e padà. Wọ́n ta okùn G yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́ títí ó fi tán, wọ́n ní mo tọ́jú ẹ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ọrùn yẹn, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ fún oníṣẹ́. Èmi náà ti ra saddle eegun fún FG800 mi, mo ń ha á lọ́wọ́.