Ìkìlọ̀: Wíńṣì "13,000" Tí Ọmọ Kékeré Fi Ọwọ́ Kan Gbé

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Hilux, L200 tàbí Ranger wọ oko, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kí àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wíńṣì tí mo ń sọ kì í ṣe èyí tó ń fò lóru o. Ẹ̀rọ tí a ń dè mọ́ bọ́ńpà iwájú ni, èyí tó ń fi okùn irin wọ́ ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n tà fún mi, òun náà mọ ẹ̀jẹ̀ mu.

Kòkó ni mo ń rà. Mo máa ń wọ àwọn kámpù tó wà lẹ́yìn Ìdànrè lọ kó ẹrù bọ̀ wá sí Àkúrẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn lásìkò òjò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà mọ́, odò tó dùbúlẹ̀ ni. Lọ́dún tó kọjá, bíbẹ àwọn agbégilódò kí wọ́n tó fà mí yọ sú mi, mo ní màá ra wíńṣì tèmi.

Mo béèrè káàkiri. Àwọn tó ní ojúlówó ń pe ₦800,000 sókè. Ni ẹnì kan bá fún mi ní nọ́ńbà oníṣòwò kan. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ẹ̀rọ dúdú tó ń dán yinrinyinrin, wọ́n fi lẹ́tà funfun ràgàjì kọ 13,000 LB sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó lè fi fa nǹkan. ₦385,000 ló pè é. Mo ní ṣé kò pọ́ọ́kú jù báyìí? Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, eléyìí á fa tírélà. Kọ̀ǹténà wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já, la fi ń tà á bẹ́ẹ̀." Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ékòó. Ó gbé bátìrì síta, ó so wáyà mọ́ ọn, ó tẹ rìmóòtù, dọ́rọ́ọ̀mù rẹ̀ ń yí fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀. Orí mi wú. Mo sanwó. Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, fi ọwọ́ kan gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Mo tún ń yìn ín pé ọmọ yìí lágbára.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ojú mi ti là.

Èkejì, nígbà tí mo gbé e dé Àkúrẹ́, wẹ́dà mi ní, "Ọ̀gá, ihò rẹ̀ ò bá ti bọ́ńpà yìí mu o." Mo ní kó lu ihò tuntun. Rẹwáyà náà wo wáyà bátìrì tó bá a wá, ó ní èyí mà tín-ín-rín, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Mo ní kó ṣáà so ó. Ẹni tí ọjà pọ́ọ́kú bá ti wọ̀ lójú kì í gbọ́ràn.

Ó di oṣù kẹsàn-án. Mo kó àpò kòkó 16 sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀yin oníkòkó mọ̀ pé 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. A dé ìsàlẹ̀ kan tí àgbàrá ń gbà kọjá, táyà rì dé ìdajì. Kí n má purọ́, inú mi tiẹ̀ dùn, torí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé mi rí nǹkan tuntun tí mo rà. A fa okùn jáde, a fi bẹ́líìtì yí ìdí igi orógbó kan, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora bí aláìsàn. Okùn le pọ́n-ún, ọkọ̀ ò mì. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òórùn rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo ibẹ̀, iná iwájú ọkọ̀ ń ṣe bàìbàì. Lójijì, pàù! Okùn já. Ó fò padà, ó na bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, ojú ibẹ̀ là bí ìgbà tí wọ́n fi àdá ṣá a. Ọmọkùnrin kan tó ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọwọ́ òsì látàárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mu omi ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dìde fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Agbégilódò náà ló padà fà wá yọ. ₦40,000. Ẹ̀rín tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ fi mí rín, ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà tí mo délé, mo tú ẹ̀rọ náà, mo gbé e kọ́ òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn kòkó. Kílò 14! Èmi tó jẹ́ pé òṣùwọ̀n ni mo fi ń jẹun, èmi tí ẹnikẹ́ni ò lè fi òkúta kún àpò fún kí n má mọ̀, mo fi ọ̀kẹ́ àìmọye náírà ra irin láì wọ̀n ọ́n. Wíńṣì tó bá ń jẹ́ 9,500, tí okùn irin wà lórí rẹ̀, kílò 35 sí 40 ló máa ń tó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wo ló máa fi ọwọ́ kan gbé ìyẹn? Rẹwáyà fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ sítíkà funfun yẹn, ó ká kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin gan-an wà lábẹ́ rẹ̀: 4,500 LB. Irú èyí tí wọ́n ṣe fún alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni.

LB yẹn, pọ́n-ùn ìwọ̀n ni, kì í ṣe kílò. Kílò kan jẹ́ pọ́n-ùn méjì àti díẹ̀ (2.2). 4,500 pọ́n-ùn jẹ́ kílò 2,041. Hilux mi nìkan, kí n tó di ẹyọ kòkó kan sí i, tó kílò 2,000. Àwọn oníṣòwò kan ò tiẹ̀ ní ṣe wàhálà àti lẹ sítíkà, wọ́n á kàn jẹ́ kẹ́ ẹ fúnra yín rò pé kílò ni. Ojúgbà mi kan tó ń kó pákó ní Ifẹ̀ ra 5,000, ó gbàgbọ́ pé tọ́ọ̀nù márùn-ún ló rà. Tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀ ni.

Èwo ló wá yẹ kéèyàn rà? Ẹ má fi ìwọ̀n ọkọ̀ òfìfo ṣe ìṣirò. Lára pléètì kékeré tó wà níbi òpó ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá tòun ti ẹrù rẹ̀. Ẹ mú ìyẹn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Hilux tèmi tó nǹkan bíi kílò 3,000 tó bá kún. Ìlọ́po kan àti ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,500, ẹ sọ ọ́ di pọ́n-ùn, ó di bíi 9,900. Ìyẹn ni pé 9,500 tí gbogbo ayé ń rà ò kúkú tó fún ẹni tó ń kó tọ́ọ̀nù kan. 12,000 ni kí irú wa máa wá, ìyẹn kílò 5,443. Ẹni tó ń gbé ara rẹ̀ àti àpótí irinṣẹ́ nìkan lè fi 9,500 ṣe é.

Ohun tó fà á tí a fi ń fi ààbọ̀ kún un ni pé ẹrẹ̀ máa ń di ọkọ̀ mú. Ìlànà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń yọ ọkọ̀ ni pé tó bá rì dé ìdajì táyà, agbára tó máa fà á jáde máa tó ìwọ̀n ọkọ̀ yẹn lódindi, tòun ti ẹrù rẹ̀. Tó bá rì dé màgáàdì, ìlọ́po méjì. Òkè tí ẹ fẹ́ gùn ò sí nínú ìyẹn o. Ẹ wò ó báyìí, tọ́ọ̀nù mẹ́ta wà nínú ẹrẹ̀, ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù méjì wà níwájú rẹ̀ tó ń kérora.

Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ lọ gbé 17,000 sórí Hilux. Ó máa tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, sípíríǹgì á sọkún.

Ohun kan tún wà tí wọn ò ní sọ fún yín, kódà lára ojúlówó. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí wíńṣì, ìgbà tí okùn bá kù ní ìpele kan ṣoṣo lórí dọ́rọ́ọ̀mù ló ní agbára yẹn. Bí okùn ṣe ń gun ara wọn ni agbára ń lọ sílẹ̀. Tó bá fi máa di ìpele kẹrin, ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Nítorí náà, ẹ má so ó mọ́ igi tó wà nítòsí, ẹ wá èyí tó jìnnà díẹ̀ kí okùn lè tú dáadáa, àmọ́ kó ṣẹ́ ku ó kéré tán ìyípo márùn-ún lórí dọ́rọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá ní púlì, ẹ fi kọ́ igi, kẹ́ ẹ wá dá orí okùn padà sí ara ọkọ̀ yín, agbára á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, kìkì pé á máa rìn bí ìgbín. Àwọn oní gbájúẹ̀ mọ èyí náà: wọ́n á ka agbára tó ní púlì nínú, wọ́n á fi kọ sí páálí. Àwọn míì á kọ ìwọ̀n ọkọ̀ tí ẹ̀rọ náà lè yí lórí ọ̀dà títẹ́jú, níbi tí èèyàn mẹ́ta lè fi ọwọ́ tì í!

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú òṣùwọ̀n tí a fi ń gbé nǹkan kọ́ dání, ẹ má tijú. Ẹ mú sípánà nọ́ńbà 8 náà dání, kẹ́ ẹ fi ẹnu rẹ̀ há okùn irin náà. Okùn 9,500 máa ń tó mílímítà 8, ẹnu sípánà yẹn á fún un pinpin. Ti 12,000 máa ń lé ní 9, kò ní wọlé rárá. Tí okùn bá ń rìn gbẹrẹgbẹrẹ nínú rẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Tèmi jẹ́ mílímítà 6. Okùn irin ojúlówó tó nípọn tóyẹn kì í ju nǹkan bíi kílò 3,200 lọ kó tó já, tèmi ò sì dé ibẹ̀ kó tó já. 13,000 pọ́n-ùn lé díẹ̀ ní kílò 5,890. Okùn wo ló máa já ní 3,200 tó tún máa fa 5,890? Ìbéèrè yìí nìkan, ká ní mo bi í lọ́jọ́ yẹn, ì bá ti tó. Wọ́n tún ti ń fi okùn ọ̀rá bò ó lójú, torí òun lè nípọn lórí ẹ̀rọ kékeré. Nígbà náà, ẹ wọn ihò bóòtù mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: lára wíńṣì ọkọ̀, íńṣì 10 ló máa ń wà láàárín wọn ní gígùn, íńṣì 4 àti ààbọ̀ ní ìbú. Ohun tí wẹ́dà mi ń sọ fún mi nìyẹn, tí mo di etí.

Ti pé wọ́n so ó mọ́ bátìrì tó sì ń yí, fáànù náà ń yí. Tí wíńṣì ọkọ̀ bá ń fa ẹrù dé òpin agbára rẹ̀, iná tó ń mu máa ń lé ní 400 amp, ìdí nìyẹn tí wáyà rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ki. Ẹ bèèrè ìwé rẹ̀. Ojúlówó máa ń ní tábìlì tó sọ iye tó ń fà ní ìpele kọ̀ọ̀kan àti iye iná tó ń mu níbẹ̀. Ìwé tèmi, àwòrán bóòtù nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo pe oníṣòwò náà. Ó ní mo ti so ó mọ́ ọkọ̀, àwọn kì í gba ọjà tí wọ́n ti lò padà. Mo fi fọ́tò nọ́ńbà abẹ́ sítíkà ránṣẹ́, ó dènà mi. Mo gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, mo fa rìsíìtì mi yọ, ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé "wíńṣì 1" ló kọ síbẹ̀, kò kọ 13,000 sí i rárá. Ọ̀dàlẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà agbára náà sórí rìsíìtì, ní pọ́n-ùn àti ní kílò, kẹ́ ẹ tó ṣe tíráńsífà.

Lánàá, ẹlòmíì tún pè mí, ó ní òun gbọ́ pé mò ń wá wíńṣì, pé òun ní 15,000 ní ₦400,000. Mo ní kó gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, kó ṣe fídíò rẹ̀ sí mi. Ó kà á, mo rí àmì búlúù méjèèjì. Kò tíì fèsì.