Ìbéèrè 10 tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn aboyún wò: ó dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń ṣírò rẹ̀

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ọkàn aboyún ò balẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí ni ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní EPDS (Edinburgh Postnatal Depression Scale), tí John Cox, Jeni Holden àti Ruth Sagovsky gbé jáde ní 1987. Torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni wọ́n ṣe é, kó tó wá di pé wọ́n ń lò ó fún aboyún pẹ̀lú.

Báwo lọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ọmọ inú? Bí ìyá bá ń dààmú, họ́mónù cortisol á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibi ọmọ kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kọjá: èròjà kan wà níbẹ̀, 11β-HSD2, tó ń sọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ di ohun tí kò lágbára mọ́. Ìpayà ọjọ́ kan kì í borí aṣọ́nà yìí. Àníyàn tó ń bá èèyàn sùn, tó ń bá a jí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ká bẹ̀rù, torí iṣẹ́ èròjà náà lè dín kù. Cortisol yìí kan náà tún ń mú kí ibi ọmọ máa tú CRH jáde, họ́mónù tó lọ́wọ́ nínú bí ìrọbí ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn wà lára ìdí tí ìdààmú tó pẹ́ lára fi máa ń bá bíbí ọmọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 rìn. (Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìyá tó ń ṣàníyàn ṣì ń bí ọmọ tó dá ṣáṣá o.)

Ọjọ́ 7 tó kọjá ni ìwé náà ń béèrè. Ìdáhùn 4 ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, máàkì 0 sí 3, àpapọ̀ 30. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí: ní ìbéèrè 1, 2 àti 4, ìdáhùn tó wà lókè pátápátá ni 0, ní àwọn 7 tó kù, tòkè ni 3. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ bákan náà lè sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹni tó ń sunkún lóru. Bí àpapọ̀ máàkì bá tó 10, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Bó bá tó 13, kó lọ rí dókítà. Ìbéèrè kẹwàá dá yàtọ̀: èrò àtiṣe ara ẹni léṣe ni. Ẹni tí máàkì rẹ̀ níbẹ̀ bá ju 0 lọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n ti bójú tó o, ì báà jẹ́ 4 péré ni àpapọ̀ rẹ̀.

Ohun tó wù wá jù ni pé kò béèrè nípa àárẹ̀ tàbí èébì, torí aboyún wo ni kò rẹ̀? Ẹ tún máa wo ìbéèrè 3, 4 àti 5 lọ́tọ̀. Àwọn ló ń tú àṣírí àníyàn. Èèyàn lè gba 7 níbẹ̀ nìkan, kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9, kí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò béèrè ohun tó fà á: gbèsè ni àbí ọkọ tó ń lu ìyàwó. Bí ọkọ tàbí ìyá ọkọ bá sì jókòó tì í, ìdáhùn tó dùn létí nìkan ló máa fún yín. Àwa ò ní kí wọ́n lò ó níbi tí kò bá sí ẹni tí wọ́n máa fa aboyún náà lé lọ́wọ́ bí máàkì bá ga.