Ìtúntẹ̀ jọ́nà ìṣègùn ayé 1800: àtúnkọ, oní-síkáànù, àbí oní-fọ́tò àtijọ́?

Kí ẹ tó sanwó ìtúntẹ̀ jọ́nà ìṣègùn àwọn ọdún 1800 kankan, ìyẹn ìwé ìròyìn tí àwọn dókítà ń kọ iṣẹ́ wọn sí, ẹ ní sùúrù, ẹ bá mi ka èyí tán. Mo ti ra oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ kí ojú mi rí màbo, ọ̀kan ń gbìyànjú, ọ̀kan ṣí sílẹ̀ níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní máa sọ fún yín pé àwọn jọ́nà yìí ò ní olówó orí mọ́, pé ẹnikẹ́ni ló lè tún wọn tẹ̀, ẹ ti mọ̀ yẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nígbà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni náà ló ń tẹ̀ ẹ́, títí kan àwọn tí wọn ò ṣí ìwé ọ̀hún wò rí láyé wọn.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ń pè ní àtúnkọ. Kọ̀ǹpútà ló ka fọ́tò ojú ìwé àtijọ́, tó sọ ọ́ di lẹ́tà, wọ́n wá tò ó sínú ìwé tuntun. Ìkejì ni oní-síkáànù: wọ́n mú síkáànù tí Google tàbí Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gbé síta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí, ẹni tó ń tà á gan-an ò sì ní ẹyọ kan nílẹ̀, ìgbà tí owó yín bá wọlé ni maṣíìnì á tó tẹ ti yín. Ìkẹta ni oní-fọ́tò àtijọ́. Láàárín 1960 sí 1979, àwọn ilé ìtẹ̀wé bíi Kraus Reprint àti Johnson Reprint máa ń ya fọ́tò jọ́nà àtijọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ilé ìkàwé yunifásítì. Ní báyìí tí àyè ò sí nílé ìkàwé mọ́, wọ́n ń kó wọn síta, ọwọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ ti máa rí i.

Ká tètè mú àwọn tí ò gba àkókò kúrò. Èèpo: àtúnkọ ló rẹwà jù, wọ́n á gbé àwòrán òdòdó tàbí afárá sí i lára, kí ló wá kan òdòdó nínú ọ̀rọ̀ ibà abiyamọ, èmi ò mọ̀. Ìwúwo: oní-fọ́tò àtijọ́ wúwo bí bíríkì, owó tí wọ́n á fi fi ránṣẹ́ á dùn yín. Ṣíṣí ìwé: oní-síkáànù, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ẹ̀, tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ jù á là.

Ó wá ku ohun tó wà nínú ìwé gan-an, ibẹ̀ sì ni owó mi wọlẹ̀ sí, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Lọ́dún 1867, Joseph Lister, dókítà oníṣẹ́ abẹ, kọ̀wé sínú The Lancet, jọ́nà ìṣègùn àwọn ará Ìlú Ọba, nípa bó ṣe ń fi carbolic acid, oògùn apakòkòrò, tọ́jú egungun tó ṣẹ́ tó sì ya ẹran jáde. Láyé ìgbà yẹn, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, gígé ni wọ́n sábà máa ń gé e kí egbò má bàa kẹ̀ pa onítọ̀hún. Ẹni tó fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ẹ̀ ni ọmọdékùnrin ọdún 11 kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù gun ẹsẹ̀ ẹ̀ ní Glasgow lóṣù Kẹjọ ọdún 1865, wọn ò sì gé ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ohun tí mo fẹ́ kà nìyẹn, mo sì fẹ́ kà á bí dókítà tó gba jọ́nà ẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ṣe kà á, pẹ̀lú gbogbo aruwo tó wà láyìíká ẹ̀, lẹ́tà àwọn tó ń jà, ìròyìn ilé ìwòsàn, gbogbo ẹ̀. Mo wá ra àtúnkọ torí pé òun ló pọ́ọ́kú jù.

Ojú ìwé The Lancet ìgbà náà, òpó méjì ló ní, ẹ ó ka ti òsì láti òkè délẹ̀ kí ẹ tó gba ti ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà tó ka tèmi ò mọ ìyẹn. Ó kàn ń kà á gba ìdábùú lọ ni, ó mú ìlà kan ní òsì, ó lẹ ìlà ọ̀tún mọ́ ọn, ó tún lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo débi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, níbẹ̀rẹ̀ ìlà wọ́n ń gbé e wọ ilé ìwòsàn, níparí ìlà kan náà egungun ti so, ìlà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi oògùn sójú egbò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé èmi ni òyìnbó ń dà láàmú.

Mo ní kò burú, n ó máa fọgbọ́n kà á. Àfìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ oògùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn bá mi lọ níbí torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Àwọn dókítà ayé ìgbà náà ní àmì tí wọ́n fi ń wọn oògùn, ʒ ni dírámù, ℥ ni áúnsì, wọ́n á wá kọ iye ẹ̀ sí ẹ̀yìn ní nọ́ńbà Róòmù kéékèèké tí èyí tó kẹ́yìn máa ń ní ìrù, bíi ʒij, ìyẹn dírámù méjì. Ẹ wo ʒ yẹn dáadáa, kí ló jọ lójú yín? Ohun tó jọ lójú yín náà ló jọ lójú kọ̀ǹpútà: 3. Bí ʒij ṣe di 3ij nìyẹn, níbòmíì ó di 311. ℥ náà ò mọ́ra, lójú ìwé kan ó jẹ́ 3, lójú ìwé kejì ó jẹ́ 5. Àmì ℞ tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé oògùn, tó wà lókè pátápátá, di B. Dírámù kan, gíréènì 60 ni, gíréènì ni ìwọ̀n tó kéré jù, áúnsì kan sì jẹ́ dírámù 8, ẹni tó bá ṣi ọ̀kan pè ní ìkejì ti ṣì í ní ìlọ́po mẹ́jọ, ẹ má sì gbàgbé pé nǹkan tí wọ́n ń wọ̀n lè jẹ́ opium tàbí kálómẹ́lì, tí mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fi po oògùn lónìí, àmọ́ ẹni tó ń kọ ìtàn, tó bá da nọ́ńbà yẹn kọ sínú iṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́?

Mo mú pẹ́ńsùlù pupa, mo ṣí síkáànù ọ̀fẹ́ sórí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé ojú ìwé kẹrìnlá ni mo tó bi ara mi pé iṣẹ́ ta ni mò ń ṣe yìí, tí mo tún fowó ara mi rà á.

Táábù iye àwọn tó kú àti àwọn tó yè, ẹ má wulẹ̀ bi mí, gbogbo nọ́ńbà ti rọ́ lu ara wọn. Àwòrán? Kò sí. Wọ́n á kọ ọ́ pé kí ẹ wo àwòrán kejì, àwòrán kejì ò sí níbì kankan.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Ó ní kí n ka ojú ìwé kejì, pé àwọn ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣìṣe lè wà nínú ẹ̀. Mo lọ wò ó, lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, ní lẹ́tà tín-tìn-tín. Owó ò padà.

Oní-síkáànù kúrò nínú gbogbo ìyẹn, ká sọ òótọ́. Òpó méjì wà ní òpó méjì, ʒ wà ní ʒ, ẹ ó tiẹ̀ rí ibi tí ẹnìkan ti fi lẹ́ẹ̀dì fàlà sídìí ọ̀rọ̀ kan látọjọ́ tó ti pẹ́. Ibi tó ti ń jáni kulẹ̀ ni àwòrán ńlá, àwọn tí wọ́n máa ń ká sínú ìwé tí ẹ ó tú jáde kí ẹ tó rí i tán. Ẹni tó ń ṣe síkáànù ń kánjú, kò tú u. Nínú tèmi, ibi tó yẹ kí n ti rí àwòrán oríkèé orúnkún, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni ẹ̀yìn ìwé funfun tí wọ́n ká, àti ìka ọwọ́ ẹnìkan tó wọ rọ́bà. Mo ń wo ìka, ìka ń wò mí. Tí ìwé tí wọ́n síkáànù bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n rán pinpin, lẹ́tà tó wà nítòsí ibi tí wọ́n rán á wọ inú lọ. Àwòrán aláwọ̀ sábà máa ń di eérú, èyí ò sì dáa rárá fún ẹni tó ń wá àrùn awọ ara, torí àwọ̀ ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ sábà fi ń yàtọ̀ síra. Ẹ tún wo ìwọ̀n ìwé yẹn kí ẹ tó rà á, tí wọ́n bá ki ojú ìwé ńlá bọnú ìwé pélébé, àfi kí ẹ ra díńgí lẹ́ǹsì mọ́ ọn.

Oní-fọ́tò àtijọ́ tó wà níwájú mi yìí, ilé ìkàwé ti lù ú ní òǹtẹ̀ pé àwọn ti yọ ọ́ kúrò, èèpo ẹ̀ jẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, kò sẹ́ni tó máa fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Àmọ́ ẹni tó ya fọ́tò ẹ̀ mọṣẹ́. Ó tú gbogbo àwòrán tí wọ́n ká, ó yà wọ́n, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n, wọ́n tún ká wọn padà sí ààyè wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tú ọ̀kan, ó gùn kọjá etí tábìlì, gbogbo iṣan ọrùn pẹ̀lú nọ́ńbà kéékèèké lára ẹ̀, mo lè ka gbogbo wọn láìwọ gíláàsì. Dúdú àti funfun ni òun náà, mi ò ní purọ́. Àléébù ẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo jọ́nà ni wọ́n ṣe, àwọn kan tó ń tà á ò sì ní já ẹyọ kan fún yín, wọ́n á ní ẹ kó gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, kí lẹ fẹ́ fi fọ́lúùmù ogójì, ìyẹn ìdìpọ̀ ogójì, ṣe nínú yàrá kan.

Èyí kan oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ mọ fọ́lúùmù tí ẹ ń wá. Apá márùn-ún ni ọ̀rọ̀ Lister yẹn, mẹ́rin jáde lóṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún 1867, ìyẹn wà nínú fọ́lúùmù kìíní ọdún náà, ìkarùn-ún dúró títí di oṣù Keje, ó sì bọ́ sínú fọ́lúùmù kejì. Ẹni tó bá ra ọ̀kan ṣoṣo ò tíì ra gbogbo ẹ̀. Orúkọ jọ́nà náà máa ń yí padà. Ìròyìn dókítà Henry Jacob Bigelow lórí bí wọ́n ṣe fi ether mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, èyí tó jáde lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1846, tí ẹ bá fi New England Journal of Medicine wá a lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìtúntẹ̀, ẹ lè wá a títí, torí Boston Medical and Surgical Journal ni jọ́nà náà ń jẹ́ láti 1828 títí di 1928. Fọ́lúùmù 35 ni kí ẹ bèèrè. British Medical Journal náà, Provincial Medical and Surgical Journal ni wọ́n ń pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1840, ọdún 1857 ló tó di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Tó bá jẹ́ ìpolówó ọjà inú ẹ̀ lẹ ń wá, àwọn ọṣẹ àti bẹ́líìtì àti oògùn awúre ayé ìgbà yẹn, ẹ bèèrè dáadáa. Nígbà tí ilé ìkàwé bá ń di jọ́nà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pọ̀, wọ́n sábà máa ń ya èèpo àti ojú ìwé ìpolówó dànù, ohun tí wọ́n sì ti yà dànù, kò sí ìtúntẹ̀ tó lè dá a padà.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò ra ojúlówó. Ẹ rà á tí ẹ bá lówó ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé èyí tó pẹ́ jù lè le ju èyí tó pẹ́ díẹ̀ lọ. Àkísà ni wọ́n fi ń ṣe pépà níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ó ṣì rọ̀ dòní. Láti nǹkan bí 1850 lọ, igi lílọ̀ wọ inú ẹ̀, ásíìdì sì ń jẹ ẹ́ láti inú, nítorí náà ti 1890 lè máa rún sí yín lọ́wọ́ bí àkàrà gbígbẹ nígbà tí ti 1820 ń ṣí wẹ́rẹ́.

Tó bá sì jẹ́ àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kà, ẹ má ra nǹkan kan, British Medical Journal láti 1840 wà lórí PubMed Central, ibi tí wọ́n ń kó àpilẹ̀kọ ìṣègùn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdájọ́ mi, mi ò ṣègbè o. Àtúnkọ dáa fún ẹni tó fẹ́ tò ó sórí pákó kí àlejò lè rí i. Oní-síkáànù dáa fún ẹni tó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ lásán, tí àwòrán ò kàn, tó ń kánjú. Oní-fọ́tò àtijọ́ dáa fún àwọn yòókù, ìyẹn àwọn tó fẹ́ ka jọ́nà náà. Ó gba sùúrù láti rí i, tèmi gbà mí ní oṣù méje, mo sì ti ń wá ìkejì ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ojú ìwé méjì ránṣẹ́ sí yín, ọ̀kan tí wọ́n kọ oògùn sí, ọ̀kan tí àwòrán kíká wà. Tó bá dá yín lóhùn pé òun ò ní ìwé náà lọ́wọ́, ẹ ti mọ oríṣi tó ń tà. Tí fọ́tò bá dé tí ẹ sì rí 3 níbi tó yẹ kí ʒ wà, ẹ máa bọ̀ nílé.