Bíríkì yẹ̀pẹ̀ pupa tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀: bí mo ti rí i lẹ́yìn òjò ọdún méjì

Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ kan sẹ́yìn ilé wa ní Ifọ̀, mo pinnu pé bíríkì yẹ̀pẹ̀ pupa tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, èyí tí ọ̀kan ń há sínú èkejì, ni n óò lò dípò búlọ́ọ̀kù oníyanrìn tí gbogbo àdúgbò ń lò. Òjò ọdún méjì ti pa ilé náà báyìí, mo sì rò pé mo lè sọ bí ọjà náà ti rí fún ẹni tó bá ń gbèrò láti rà á.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1956 ni Raúl Ramírez, onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Chile, ṣe ẹ̀rọ CINVA-Ram ní ìlú Bogotá, ẹ̀rọ irin tí ènìyàn ń fa ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ láti fi tẹ yẹ̀pẹ̀ di bíríkì. Lọ́dọ̀ tiwa, NBRRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978 tí ó sì ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ wa. Ìdí tí àwọn olùwádìí fi ń lépa rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì. A ní láti sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1450 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó di sìmẹ́ǹtì, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, jáde bó ti ń jóná, yàtọ̀ sí èéfín ohun tí a fi dáná. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, nǹkan bí ìpín 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti ibẹ̀ wá. Bíríkì yìí kò gbà ju nǹkan bí ìpín 5 sìmẹ́ǹtì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, a kì í sì í sun ún níná rárá.

Ẹni tí mo gbé iṣẹ́ fún gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sórí ilẹ̀ mi, yẹ̀pẹ̀ tí a wà jáde nínú kòtò ṣáláńgá ni a sì lò, tí n kò fi sanwó ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ kankan. Ó kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú omi, ó mì í, ó sì fi í sílẹ̀ kí iyanrìn lè rọ̀ sísàlẹ̀ kí amọ̀ sì dúró lókè, nítorí pé bí amọ̀ bá pọ̀ jù, bíríkì yóò sán, bí iyanrìn bá sì pọ̀ jù, yóò máa rún. Lẹ́yìn tí ó pò ó tán, ó ṣù ú lọ́wọ́, ó sọ ọ́ sílẹ̀: ó fọ́ sí mẹ́rin, ó ní omi rẹ̀ ti tó. Mo gbóríyìn fún un níbẹ̀. Ibi tí mo ti bá a wíjọ́ ni pé ó fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ méje ni ó yẹ kí a fi bo bíríkì náà, kí a máa wọ́n omi sí i, kí ó sì tó ọjọ́ 28 kí ó tó ru ẹrù. Èyí tí a fi ìkánjú gbé nínú wọn ni etí rẹ̀ já.

Ìṣòro tó le jù kò sí nínú bíríkì, ọwọ́ bíríkìlà ló wà. Ẹni tó ti fi ogún ọdún to búlọ́ọ̀kù mọ̀ pé bí ìlà bá wọ́, òun yóò fi sìmẹ́ǹtì tún un ṣe. Níhìn-ín kò sí sìmẹ́ǹtì láàárín ìlà, nítorí náà bí ìlà àkọ́kọ́ lórí ìpìlẹ̀ kò bá dọ́gba, àṣìṣe náà yóò máa dàgbà bí ògiri ti ń ga. Tèmi lanu ní apá kan nítòsí fèrèsé, aláǹgbá sì rí ọ̀nà gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. A tú ìlà márùn-ún palẹ̀ kí a tó rí i tún ṣe.

Nípa ooru, n kò ní àròyé kankan: ní ọ̀sán gangan inú oṣù kẹta, yàrá yìí tura ju ilé búlọ́ọ̀kù tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Òjò kò sì ṣe ara ògiri ní nǹkan kan níbi tí páànù ti nà jáde dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kan tí mo ti dín igi òrùlé kù ni àgbàrá ti ń ta sí, ibẹ̀ nìkan ló sì ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ṣì ń bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní rẹ́ ẹ ni?” Ojú ilé amọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ń wò ó, ojú sì ń tì wọ́n fún mi. N kò ní rẹ́ ẹ, nítorí pé ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú lóde ti dá gbogbo ohun tí a yẹra fún padà. Odi ojú títì, níbi tí omi kòtò máa ń kún dé lọ́dọọdún, búlọ́ọ̀kù ni n óò fi ṣe é. Yàrá kẹta tí mo fẹ́ fi kún un, bíríkì yìí náà ni, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni n óò di okùn ìwọ̀n mú nígbà tí wọ́n bá ń to ìlà àkọ́kọ́.