eNaira: owó orí fóònù tí ọjà kò fọkàn tán

Tí a bá ní ká wo iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan, eNaira kò burú. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé e jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà 2021. Ilé-iṣẹ́ Bitt láti Barbados ló bá wọn ṣe é. Ọrùn CBN fúnra rẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ wà, nítorí náà bí báńkì yín bá wó, owó yẹn kò bá a lọ.

Ibi ìforúkọsílẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ ní láti gba áàpù Speed Wallet sórí fóònù, kí ẹ yan báńkì, kí ẹ tẹ BVN àti ímeèlì. Bí àkọsílẹ̀ yín bá yàtọ̀ sí ti báńkì pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn, àfi kí ẹ lọ tò ní báńkì. Ọdún 2022 ni *997# ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún àwọn tó ń lo fóònù kékeré.

Ìyá oníṣòwò tó ń gba transfer lójoojúmọ́ kì í sá fún ẹ̀rọ. Ohun tó fọkàn tán ni alẹ́ẹ̀tì tó wọlé kí oníbàárà tó kúrò níwájú ìsọ̀, àti oníPOS àdúgbò tó lè lọ bá bí owó bá há. Ta ni ká lọ bá lórí eNaira? Kò sì ní èlé. Ohun tó ń ṣe, áàpù báńkì ti ń ṣe é. Ní oṣù Èrèlé 2021, CBN yìí kan náà ló pàṣẹ kí báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kirípítò. Ẹni tí wọ́n ti tirẹ̀ ní Èrèlé, ṣé yóò wá kówó sínú àpò tí wọ́n ń ṣọ́ ní Ọ̀wàrà?

Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn máa dín owó kù fún ẹni tó bá fi san owó kẹ̀kẹ́ Marwa. Owó bébà ni awakọ̀ fi ń san ti agbèrò, ẹ jọ̀ọ́!

Ìwádìí tí IMF, àjọ ìṣúná owó àgbáyé, gbé jáde ní 2023 sọ pé nínú 100 àpò eNaira, ó lé ní 98 tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tí àwọn èèyàn sáré sí i ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, nígbà tí náírà bébà wọ́n bí ojú.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5: ọ̀kan nítorí pé CBN ló dúró fún un, ọ̀kan nítorí *997#. Ìkẹta ì bá jẹ́ tirẹ̀ ká ní oníPOS ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún, kí wọ́n sì máa sanwó fún un lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.